Premium economy lórí ìrìn àjò jíjìn: ta ló yẹ kó san án, ìgbà wo sì ni?

Ìbéèrè tí òǹkàwé kan fi ránṣẹ́ rèé: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi àti ìyá mi fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú fún wákàtí 13. Òru la máa fi lọ, ojúmọmọ la máa fi bọ̀. Ìyá mi ti pé ẹni ọdún 71, orúnkún máa ń ro wọ́n, èmi náà sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 188. Owó tó wà lọ́wọ́ mi lè gbé àwa méjèèjì sí premium economy ní ọ̀nà kan ṣoṣo, tàbí kó gbé ìyá mi nìkan síbẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀. Àwọn kan ní kí n má wulẹ̀ dáwọ́ lé e, pé economy tí wọ́n fi ọ̀dà tuntun kùn ni. Ṣé ó tó owó tí wọ́n ń gbà lórí ẹ̀ lóòótọ́?”

Ẹ kú àníyàn ìyá yín. Kí n ti ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí bẹ̀rẹ̀: ẹ fi owó yẹn gbé ẹ̀yin méjèèjì sí premium economy, ìyẹn ẹ̀ka ìjókòó tó wà láàárín economy tó rọjú jù àti business class, ní àlọ tí ẹ máa fi òru rìn, kí ẹ sì wọ economy bọ̀ ní ojúmọmọ. Àmọ́ ẹ wo iye tí wọ́n fi lé e kí ẹ tó sanwó, torí iye kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti kọjá ibẹ̀, mi ò kì í dá a lábàá fún ẹnikẹ́ni. Màá sọ bí ẹ ṣe máa ṣírò ẹ̀.

Ó lé ní ọdún 15 tí mo ti ń bá àwọn èèyàn wá tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn àjò jíjìn, ìbéèrè yìí sì wà lára èyí tí wọ́n ń bi mí jù. Àwọn tó ní ó tó owó ẹ̀ àtàwọn tó ní kò tó o, òótọ́ ni gbogbo wọn ń sọ. Ìrìn àjò wọn ni ò dọ́gba. Ẹni tí ò ga ju sẹ̀ǹtímítà 160 lọ, tó fi wákàtí méje wo fíìmù lọ́sàn-án, tó sọ̀ kalẹ̀ tó sì lọ sinmi, ò ní mọ ohun tó fi owó ẹ̀ rà. Ẹni tí orúnkún ẹ̀ kan ẹ̀yìn ìjókòó ẹlòmíì láti aago mọ́kànlá alẹ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, tí iṣẹ́ sì ń dúró dè é níbi tó ń lọ, máa kábàámọ̀ pé òun ò san án. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ àwọn tó jókòó tira nínú ọkọ̀ òfuurufú.

Àyè gan-an lohun tí ẹ ń rà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń rin ọ̀nà jíjìn, láti ẹ̀yìn ìjókòó economy kan sí ẹ̀yìn èyí tó wà níwájú ẹ̀ jẹ́ íǹṣì 31 tàbí 32, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 79 sí 81. Nínú premium economy, íǹṣì 38 ló wọ́pọ̀, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 96 ó lé díẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Emirates tiẹ̀ ń fúnni ní 40. Fífẹ̀ ìjókòó economy máa ń wà láàárín íǹṣì 17 sí 18. Ti premium economy sábà máa ń jẹ́ 18 àbọ̀ sí 19 àbọ̀. Lórí ìwé, íǹṣì mẹ́fà tàbí méje ò jọ nǹkan kan. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ yín síwájú orúnkún níbi tí ẹ jókòó sí yìí. Láti orí ìka àárín dé ọrùn ọwọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye àyè tí ẹ máa fi san jù nìyẹn. Fún ẹni tó ga bíi tiyín, láti ìdí dé iwájú orúnkún máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 64 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá yọ bí ẹ̀yìn ìjókòó ṣe nípọn tó kúrò nínú 79 yẹn, pẹ̀lú àpò ìwé tó wà lára ẹ̀, ohun tó ṣẹ́ kù ò ju ìka mélòó kan lọ. Kí ẹni iwájú yín tó dẹ ìjókòó ẹ̀ sẹ́yìn nìyẹn o.

Mo mọ̀ ọ́n lára. Lóru ọjọ́ kan, mo jókòó sí àárín nínú ọkọ̀ tí ìjókòó 10 wà ní ìlà kan, ìrìn àjò wákàtí 12. Ọkùnrin iwájú mi ti dẹ ìjókòó ẹ̀ délẹ̀ kí wọ́n tó paná. Mo gbé orúnkún sọ́tùn-ún, ó kan ẹsẹ̀ ìyáàfin kan. Mo gbé e sósì, ó kan ti ọmọdékùnrin kan tó ti sùn. Mo wá so ọwọ́ mọ́ àyà, mo sì jókòó gbagidi bí ẹni tí wọ́n ń yà ní fọ́tò. Nígbà tó di wákàtí kẹsàn-án, ìṣẹ́jú ni mò ń kà, mi ò ka wákàtí mọ́. Nígbà tí a balẹ̀ tí mo dé ilé ìtura, mo bọ́ ṣòkòtò, mo sì rí i pé ojú àwọ̀n àpò ìwé yẹn ti yà sí orúnkún mi méjèèjì, pupa rokoṣo. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé ẹ̀yìn dídùn kiri lẹ́yìn ìyẹn. Bẹ́ẹ̀, èmi ò ga tó yín.

Ohun kejì tí ẹ ń rà ni iye ẹni tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n sọ pé kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ. Nínú ọkọ̀ Boeing 777 bí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ṣe ń tò ó báyìí, ìlà economy jẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́ta. Ti premium economy jẹ́ méjì, mẹ́rin, méjì. Nínú Boeing 787, mẹ́ta-mẹ́ta ọ̀nà mẹ́ta ni economy, premium economy sì jẹ́ méjì, mẹ́ta, méjì. Ẹ rí i pé méjì ló wà lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ̀yin àti ìyá yín lẹ máa gba méjèèjì, kò sí àlejò tẹ́ ẹ máa jí lóru kí wọ́n tó lè dìde, kò sí ẹni tó máa gun ìyá yín lẹ́sẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá fi ìyá yín nìkan síwájú, tí ẹ̀yin wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, ta ló máa bá wọn gbé báàgì kalẹ̀ láti òkè? Ta ló máa tẹ bọ́tìnnì ìjókòó fún wọn? Àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ máa ń ṣe ìrànlọ́wọ́, mi ò sọ pé wọn ò ní ṣe é, ṣùgbọ́n èrò tó wà lọ́rùn wọn pọ̀. Mo ti rí ìyá àgbàlagbà tó jókòó pa sójú kan fún wákàtí mẹ́jọ torí pé ojú ń ti wọ́n láti ní kí ẹni ẹ̀gbẹ́ wọn dìde.

Ó wá ku owó. Ìṣirò tí mo máa ń ṣe nìyí. Ẹ wo iye ilẹ̀ tí ìjókòó kan gbà nínú ọkọ̀. Nínú 777 tí mo sọ yẹn, íǹṣì 31 fún èèyàn 10 ní ìlà kan: ẹ fi 10 pín 31, ẹ ó rí 3.1. Premium economy, íǹṣì 38 fún èèyàn 8: ẹ ó rí 4.75. Ẹ fi 3.1 pín 4.75, ó jẹ́ 1.5 ó lé díẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ti 787, ó máa bọ́ sí nǹkan bí 1.6. Ìyẹn ni pé ẹni tó wà ní premium economy gba ilẹ̀ ìlọ́po kan àtàbọ̀ ti ẹni tó wà ní economy. Bí economy bá jẹ́ 100, tí premium economy sì wà ní 150 tàbí 160, àyè tí wọ́n fún yín ni wọ́n gbowó ẹ̀, wọn ò rẹ́ yín jẹ. Láti 160 sí 180, mo máa ń ní kí ẹni tó ga, ẹni tó ń ṣàìlera, tàbí ẹni tó ń fi òru rìn san án. Bó bá ti wọ 200, ẹ ti ń sanwó orúkọ. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ wá ọjọ́ mìíràn tàbí ilé iṣẹ́ mìíràn. Bó bá sì kọjá 200 gan-an, ẹ yọjú wo iye business class, torí ìgbà míì wà tí méjèèjì máa ń súnmọ́ra lọ́nà tó máa yà yín lẹ́nu, business sì ni ibi tí ìjókòó ti ń di bẹ́ẹ̀dì.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi iye economy tó rọjú jù lọ wé ti premium economy o. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń ṣì í ṣírò. Iye economy tó kọ́kọ́ yọ lójú ìwé lè jẹ́ èyí tí kò ní ẹrù kankan, tí kò gbà yín láyè láti yan ìjókòó, tí owó ẹ̀ ò sì ní padà bí ìrìn àjò bá yẹ̀. Premium economy ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń gba ẹrù méjì tó jẹ́ kílò 23 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpẹẹrẹ ni ti British Airways àti ti Lufthansa. Obìnrin kan wá bá mi lọ́dún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ó fẹ́ gbé àpótí méjì, ó sì fẹ́ ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. A kọ iye àpótí kejì sí economy, a kọ iye yíyan ìjókòó sí i ní àlọ àti àbọ̀. Nígbà tí a parí, ohun tó kù láàárín méjèèjì ò tó ìdajì ohun tó rí lákọ̀ọ́kọ́. Òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n bá òun ra ti iwájú. Bó bá jẹ́ báàgì àgbékọ́rùn nìkan ló fẹ́ gbé ni, ìmọ̀ràn mi ì bá yàtọ̀.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé owó orí. Bí ìrìn àjò yín bá bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó tí ìjọba wọn ń gbà lórí èrò tó ń kúrò níbẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn fi ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wọ́n fún ẹni tó wà ní premium economy ju ti economy lọ. Ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo premium àti business nínú òfin yẹn. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ fi ọ̀nà kan ṣe premium kó rántí pé bó bá jẹ́ ìgbà tó ń kúrò ní London ló yàn, ó máa wọ́n sí i.

Orúkọ náà tún ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Premium economy tòótọ́ jẹ́ ìjókòó ọ̀tọ̀, tó fẹ̀ jù, tó ní ìtìsẹ̀ tàbí ohun tí ń gbé ojúgun sókè, ní yàrá ọ̀tọ̀ tàbí lẹ́yìn kọ́tìnnì. EVA Air ti Taiwan àti Virgin Atlantic ló kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. British Airways tẹ̀ lé wọn ní ọdún 2000, wọ́n ń pe tiwọn ní World Traveller Plus. Àwọn míì pẹ́ kí wọ́n tó gbà: Lufthansa di 2014, Singapore Airlines di 2015, Emirates ò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún gbogbo èèyàn títí di 2022. Ní Amẹ́ríkà, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Ohun tí United ń pè ní Economy Plus, tí American ń pè ní Main Cabin Extra, ìjókòó economy kan náà ni, àyè ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n fi kún un. Èyí tó jẹ́ ojúlówó ní United ni Premium Plus. Ẹ rí bí orúkọ méjèèjì ṣe jọra tó! Ti Delta ni Premium Select. Mi ò sọ pé àyè ẹsẹ̀ nìkan ò dáa. Fún ẹni tó ga tí kò sì fẹ́ náwó púpọ̀, ó lè jẹ́ ohun tó yẹ gan-an. Kí ẹ ṣáà mọ èyí tí ẹ ń sanwó fún.

Ẹ̀rí kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ. Láti 2018 ni Singapore Airlines ti ń fi ọkọ̀ kan rìn láti Singapore lọ sí Newark, lẹ́bàá New York, ìrìn àjò tó lé ní wákàtí 18. Kò sí economy nínú ọkọ̀ náà rárá. Ìjókòó business 67 àti premium economy 94 ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Lóòótọ́, ọkọ̀ tó máa lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ wúwo jù, ìyẹn sì wà lára ìdí tí èrò inú ẹ̀ fi kéré. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń wá èyí tó máa jẹ́ ìjókòó tó rọjú jù fún wákàtí 18, orí premium economy ni wọ́n fi lé.

Kí n wá sọ ohun tí kò sí nínú ẹ̀, kí ẹ má bàa gùn ún tán kí inú yín bà jẹ́. Kì í di bẹ́ẹ̀dì. Ó máa ń dẹ̀ sẹ́yìn tó bí íǹṣì 7 tàbí 8, ìyẹn ju ti economy lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ìjókòó lẹ ṣì wà. Ẹ ò lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sùn gbalaja. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó ń tòògbé fún wákàtí kan ní economy lè rí bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin níbẹ̀, pẹ̀lú títají díẹ̀díẹ̀. Fún ẹni ọdún 71, mo ka ìyẹn sí nǹkan ńlá. Yàrá ìsinmi ní pápákọ̀ òfuurufú kì í sábà bá a wá. Èrò iwájú àti èrò ẹ̀yìn sì ń mí afẹ́fẹ́ kan náà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ lè fẹ́lẹ́ bíi ti orí òkè tó ga ní mítà 2,400. Nínú Boeing 787 àti Airbus A350, wọn kì í jẹ́ kó kọjá bíi ti mítà 1,800, ìdí nìyẹn tí orí àwọn kan kì í fi fọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì. Nítorí náà, bí ọkọ̀ méjì bá ń lọ síbi kan náà, irú ọkọ̀ tó jẹ́ lè ṣe ìyá yín lóore bíi ti ìjókòó. Ẹ wò ó lórí tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sanwó, ó máa ń wà níbẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan ẹsẹ̀, tí àwọn kan ń fi dẹ́rù bani láti ta ìjókòó iwájú: Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2007. Wọ́n rí i pé ewu náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì bí ìrìn àjò bá kọjá wákàtí mẹ́rin, àmọ́ wọ́n ṣírò pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bí ẹnì kan nínú 6,000. Jíjókòó sójú kan láìmira ló ń fà á, inú ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì náà sì ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó wà ní premium tó sùn lọ láìdìde fún wákàtí mẹ́sàn-án ò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ mú ìyá yín lọ rí dókítà kí ẹ tó rin ìrìn àjò, ẹ béèrè bóyá ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ yẹ wọ́n. Nínú ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí ẹ̀yin wà lẹ́bàá fèrèsé. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ yín ló gùn, ẹ̀yin lẹ sì máa fẹ́ ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé kì í fẹ́ dìde.

Nínú yíyan ìjókòó, ìlà àkọ́kọ́ tó dojú kọ ògiri ló ń fa gbogbo èèyàn mọ́ra, torí kò sẹ́ni tó máa dẹ ìjókòó lù yín. Fún ìyá yín, mi ò fẹ́ ẹ. Ògiri ò jẹ́ kí èèyàn na ẹsẹ̀ tán, tábìlì kékeré àti tẹlifíṣọ̀n máa ń wà nínú ìgbápálé, ìyẹn ò jẹ́ kí ìgbápálé náà gbé sókè, ó sì ń jẹ díẹ̀ nínú fífẹ̀ ìjókòó. Ẹ ò tún lè fi báàgì sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra tàbí tó ń balẹ̀, oògùn ìyá yín á sì wà lókè. Ìlà kejì tàbí ìkẹta lèmi máa mú. Ìlà ẹ̀yìn pátápátá, ẹ wò ó bóyá ògiri tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ò ní jẹ́ kó dẹ̀ tán. Àwòrán ìjókòó ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà lórí ìkànnì AeroLOPA, ó ṣe kedere ju èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ fúnra wọn ń fihàn lọ.

Ẹ ra àlọ àti àbọ̀ pọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, àlọ ní premium economy, àbọ̀ ní economy. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń gbà bẹ́ẹ̀, ibi tí ẹ ti ń yan ìrìn àjò lẹ ti máa ń rí i. Bí kò bá yọ, ẹ pè wọ́n. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀nà kan méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ máa ń wọ́n jù. Àwọn kan máa sọ fún yín pé kí ẹ ra economy lọ-bọ̀, kí ẹ wá dúró de ìgbà tí ilé iṣẹ́ máa ní kí ẹ dá iye tí ẹ fẹ́ fi kún un láti bọ́ síwájú. Ó máa ń ṣeé ṣe, mo ti rí ẹni tó fi owó kékeré gbà á. Ṣùgbọ́n kò dájú, ẹ sì lè má mọ̀ títí di ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ìrìn àjò, ẹrù kejì sì lè má bá a wá. Ọ̀dọ́ tó ń dá rìn lè dán an wò. Ti ìyá ò ṣeé fi ta tẹ́tẹ́.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi tó yẹ kí ẹ mọ̀. Mo sanwó premium economy, mo dé ẹnu géètì, wọ́n ní wọ́n ti pààrọ̀ ọkọ̀, pé èyí tó máa gbé wa ò ní premium economy rárá. Wọ́n fún mi ní ìjókòó economy lẹ́yìn, wọ́n sì ní wọ́n máa dá owó díẹ̀ padà. “Díẹ̀” yẹn gba mí ní oṣù mẹ́rin àti lẹ́tà méje. Ó dùn mí gan-an, torí ìnira òru yẹn, kò sí owó tó lè dá a padà. Láti ìgbà náà, mo máa ń ní kí àwọn èèyàn fi ẹ̀rí iye tí wọ́n san pa mọ́. Bí ìrìn àjò yín bá bọ́ sábẹ́ òfin ilẹ̀ Yúróòpù, ìyẹn bí ọkọ̀ bá gbéra láti ibẹ̀, tàbí bí ilé iṣẹ́ ibẹ̀ bá ń gbé yín lọ síbẹ̀, ẹni tí wọ́n já wálẹ̀ sí ẹ̀ka tó rẹlẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó san fún ìrìn àjò yẹn, bó bá jìn ju kìlómítà 3,500 lọ. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti san án. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣì ń lo irú òfin yẹn.

Àbọ̀ ojúmọmọ ò le tó bẹ́ẹ̀. Iná wà, èèyàn ń rìn kiri, kò sẹ́ni tó ń wá oorun tipátipá. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ wá ọkọ̀ Airbus A330, torí economy tiẹ̀ náà sábà máa ń jẹ́ méjì, mẹ́rin, méjì, ẹ̀yin méjèèjì á tún rí ibi tí kò sí àlejò. Ẹ má lọ sanwó fún ìlà ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì o: wọn ò ní jẹ́ kí ìyá yín jókòó síbẹ̀, torí ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè bá wọn ṣílẹ̀kùn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ìjókòó tí wọ́n fi àyè ẹsẹ̀ kún láwọn ìlà míì ni kí ẹ béèrè.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ò ní ná yín ní kọ́bọ̀, ó sì lè ṣe orúnkún ìyá yín lóore ju íǹṣì méje lọ. Ẹ ní kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ bá yín ṣètò wheelchair fún wọn ní pápákọ̀ méjèèjì, ní àlọ àti àbọ̀. Ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó pẹ́ tán, kó ku wákàtí 48. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá náà ní ẹ̀tọ́ sí i. Ìrìn láti ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò dé ẹnu géètì lè gba ogún ìṣẹ́jú, tí ìlà sì tún wà níwájú. Ìyá lè fẹ́ sọ pé àwọn ò tíì darúgbó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ rọra bá wọn sọ ọ́ nílé, kó tó di ọjọ́ ìrìn àjò, kó má jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n.